Sẹ́ṣọ̀n AI mẹ́ta mẹ́rin lórí tẹ́mínà: báwo lẹ ṣe ń darí wọn tí wọn kò fi ní tẹ ara wọn mọ́lẹ̀?

Ọmọ_Mayfair
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ìbéèrè yìí ń jáde lemọ́lemọ́ láàárín àwa tí a ń kọ kóòdù ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ sọnù sínú WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí a kó o jọ síbí. Bí èèyàn bá fẹ́ kí irinṣẹ́ AI tó ń kọ kóòdù láti tẹ́mínà (Claude Code, Codex, Gemini CLI tàbí Aider) bíi mẹ́ta máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí project kan, báwo ló ṣe máa tò wọ́n? Kí ló máa ń bàjẹ́? Bí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, àṣẹ tí a lè tẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ, ẹ má wulẹ̀ sọ fún wa pé "lo tmux" (ètò tó ń jẹ́ kí tẹ́mínà máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹ tilẹ̀ ti jáde).

Ará_Modákẹ́kẹ́
Ká tó dé orí tmux, fódà ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bí AI méjì bá jọ wà nínú fódà kan, èkíní á ka fáìlì, kó tó kọ àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀, èkejì á ti yí fáìlì náà padà. Nígbà mìíràn ó máa rí i pé nǹkan ti yí, á sì tún un kà. Nígbà mìíràn á rò pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, á dá a padà sí bó ṣe wà, iṣẹ́ èkejì á sì wọmi. Ẹ ó tún máa bá àṣìṣe `.git/index.lock` pàdé, torí Git kì í gbà kí ẹni méjì kọ index kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má sáré pa fáìlì lock yẹn rẹ́ o. Ẹ fi `ps aux | grep git` wò ó bóyá git kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

`git worktree` ló ń tán ọ̀rọ̀ yìí. Ibi ìpamọ́ Git kan, fódà púpọ̀, kálukú pẹ̀lú branch tirẹ̀. Ká ní orúkọ project wa ni `oja`:

```
cd ~/ise/oja
git worktree add -b iwole ../oja-iwole main
git worktree add -b owo ../oja-owo main
git worktree list
```

AI kan wọ `oja-iwole`, òmíràn wọ `oja-owo`. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ dúró sí `oja`, ẹ má jẹ́ kí AI kankan dé ibẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti máa yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ nìyí. Git kò ní gbà kí branch kan ṣí ní worktree méjì, ẹ má bá a jà, ẹ dá branch mìíràn. Fáìlì tí Git kò bá tọ́jú kì í bá yín dé fódà tuntun: kò sí `.env`, kò sí `node_modules`, kò sí virtualenv. AI á bẹ̀rẹ̀ sí í ní "package náà ò sí", á sì máa tún nǹkan tí kò bàjẹ́ ṣe. Ẹ da `.env` kọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi `npm ci` tàbí `pnpm install` kó package wọlé kí ẹ tó pè é. Mo fara mọ́ pnpm níbí: ó ń kó package sí àká kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń so fódà kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, nítorí náà worktree kẹta kò ní tún dátà yín jẹ, kò sì ní kún disk.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: gbogbo worktree ló jọ ń lo `git stash` kan náà (ibi tí Git ń tọ́jú àyípadà tí ẹ ò tíì ṣe commit sí). Bí AI tó wà ní `oja-iwole` bá ṣe `git stash`, tí ti `oja-owo` sì ṣe `git stash pop`, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló máa dà sórí tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú `CLAUDE.md` tàbí `AGENTS.md` (fáìlì ìtọ́ni tí AI ń kà kó tó bẹ̀rẹ̀) pé kò gbọdọ̀ lo stash rárá, kó máa ṣe commit sórí branch rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, `git worktree remove ../oja-iwole`. Bó bá kọ̀, àyípadà kan wà tí ẹ ò tíì pamọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó lo `--force`. Ẹni tó bá ti fi `rm -rf` pa fódà náà, kó ṣe `git worktree prune` kí Git lè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ má fi àmì ohùn sórúkọ branch. Git gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí kíbọ́ọ̀dù kan gbà ń kọ "ọ̀" lè yàtọ̀ sí ti òmíràn lábẹ́lẹ̀, branch kan á sì di méjì tó jọra lójú.

Ọmọ_Mayfair
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ṣé èèyàn ò kàn lè clone rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta?

Ará_Modákẹ́kẹ́
Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí repo bá kéré, kò burú. Ó kàn jẹ́ pé ẹ ó máa push, ẹ ó máa fetch kí fódà kan tó rí iṣẹ́ èkejì. Nínú worktree, kété tí AI bá ti ṣe commit, ẹ ti lè fi `git diff main...iwole` wò ó láti `oja`, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àǹtí_Server
Ó yá, tmux. Ìlànà tèmi ni sẹ́ṣọ̀n tmux kan fún iṣẹ́ kan, kí orúkọ rẹ̀ bá ti branch mu. Àwọn kan fẹ́ràn sẹ́ṣọ̀n kan tó ní window púpọ̀, ṣùgbọ́n bí orúkọ gbogbo window bá ti jẹ́ "node", ẹ ò ní mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.

```
tmux new -s iwole -c ~/ise/oja-iwole
claude
```

Ẹ tẹ Ctrl-b, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tẹ `d`: ẹ ti jáde, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún `owo`. `tmux ls` á ka gbogbo wọn fún yín, `tmux attach -t iwole` á dá yín padà. Bí ẹ bá ti wà nínú tmux, Ctrl-b pẹ̀lú `s` ni kí ẹ fi yan èyí tí ẹ fẹ́ lọ bá.

Ẹ fi ìwọ̀nyí sínú `~/.tmux.conf`:

```
set -g mouse on
set -g history-limit 50000
setw -g monitor-bell on
```

Ìlà 2000 péré ni tmux ń tọ́jú bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, AI tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ á sì jẹ ẹ́ tán kíákíá. Àyípadà `history-limit` kì í ran window tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, tuntun nìkan ló ń bá mu. Láti wo ẹ̀yìn, Ctrl-b pẹ̀lú `[`, ẹ fi `q` jáde.

Bí ẹ bá kàn fẹ́ yọjú láìwọlé:

```
tmux capture-pane -p -t owo | tail -20
```

Ìyẹn á tẹ ìlà tó kẹ́yìn jáde. Mo máa ń fi `for` yí i ká gbogbo sẹ́ṣọ̀n láti mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ti jókòó.

Torí ohun tó ń fi àkókò ṣòfò jù nìyẹn. AI tó ń tọrọ àyè láti ṣe nǹkan ò yàtọ̀ sí Òṣómàálò tiwa n'Íléṣà: ó ti lóṣòó, kò ní dìde títí ẹ ó fi dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òun kì í pariwo.

Ìsọ̀kùn_Dev
Ẹ lè mú kó pariwo, Àǹtí. Claude Code ní hook, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ script kékeré kan sí `~/bin/pe-mi`, tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí fóònù yín nípasẹ̀ ntfy:

```
#!/bin/sh
curl -s -d "$(basename "$PWD") n duro de yin" ntfy.sh/ORUKO-TIYIN
```

`chmod +x ~/bin/pe-mi`, kí ẹ wá fi í sínú `~/.claude/settings.json`:

```
{
  "hooks": {
    "Notification": [
      { "hooks": [ { "type": "command", "command": "~/bin/pe-mi" } ] }
    ],
    "Stop": [
      { "hooks": [ { "type": "command", "command": "~/bin/pe-mi" } ] }
    ]
  }
}
```

`Notification` ń dún nígbà tó bá nílò yín, `Stop` nígbà tó bá parí ìdáhùn rẹ̀. Ẹ gbé app ntfy sórí fóònù, kí ẹ darapọ̀ mọ́ orúkọ tí ẹ yàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní hook tẹ́lẹ̀ nínú fáìlì yẹn, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má lẹ èyí lé e lórí.

Ìkìlọ̀ kan: orúkọ yẹn kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè ka ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà rúdurùdu kún un, kí ẹ má sì rán kóòdù tàbí kọ́kọ́rọ́ gba ibẹ̀.

Irinṣẹ́ tí kò bá ní hook, ẹ jẹ́ kí tmux ṣọ́ ọ fún yín: `tmux setw -t owo monitor-silence 60`. Bí ojú tẹ́mínà náà bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, tmux á fi àmì `~` sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ window rẹ̀, Ctrl-b pẹ̀lú `w` lẹ ó fi rí i láti inú sẹ́ṣọ̀n mìíràn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí AI tó ń ronú kì í dákẹ́, nǹkan kan á máa yí lójú rẹ̀. Èyí tó ń dúró dè yín ló ń dákẹ́.

Ọmọ_Mayfair
Iná ńkọ́ o?

Àǹtí_Server
Ẹ má da nǹkan méjì pọ̀. tmux ń gbà yín lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó já àti tẹ́mínà tí ẹ ṣèèṣì pa. Kì í gbà yín lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó kú. Bí láptọ́ọ̀pù bá pa, gbogbo sẹ́ṣọ̀n tmux ti lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá AI sọ kò lọ o, ó wà lórí disk. Ẹ padà sínú fódà kan náà, kí ẹ sì:

- Claude Code: `claude --continue` fún èyí tó kẹ́yìn nínú fódà yẹn, `claude --resume` láti yan
- Codex: `codex resume`, tàbí `codex resume --last`
- Gemini CLI: `gemini --resume`; ní ẹ̀dà àtijọ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe `/chat save owo` ṣáájú, lẹ́yìn náà `/chat resume owo`
- Aider: `aider --restore-chat-history`

Ìdí mìíràn tí worktree fi dára nìyẹn. `--continue` ń wo fódà tí ẹ wà. Bí sẹ́ṣọ̀n mẹ́ta bá ti jọ lo fódà kan, èyí tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa gbé jáde, ó sì lè máà jẹ́ èyí tí ẹ ń wá.

`~/.claude/projects` ni Claude Code ń kó wọn sí. Tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, ó máa ń kó àtijọ́ dànù. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó yí `cleanupPeriodDays` padà nínú `settings.json`.

Ohun tó dára jù ni kí iṣẹ́ náà má wà lórí láptọ́ọ̀pù rárá. Ẹ gba VPS Linux kékeré (server tí ẹ háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kí tmux, Git àti AI wà lórí ẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù jẹ́ fèrèsé lásán. Iná lọ, bátìrì tán, iṣẹ́ ń lọ. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: `npm ci` tó ń fa package ń fà á pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì server, kì í ṣe dátà tí ẹ rà. Ọ̀rọ̀ ojú tẹ́mínà nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ yín, ìyẹn ò sì tó nǹkan.

Ìsọ̀kùn_Dev
Láti wọ server náà, ẹ lo mosh dípò ssh lásán bí ẹ bá ń yí láti Wi-Fi sí dátà fóònù. ssh á já, mosh á dúró, torí kò so mọ́ àdírẹ́sì IP tí ẹ fi wọlé.

```
sudo apt install mosh
sudo ufw allow 60000:61000/udp
mosh emi@server -- tmux attach -t iwole
```

Ìlà méjì àkọ́kọ́ wà fún server. Ẹ fi mosh sórí ẹ̀rọ tiyín náà. Bí ó bá dúró láìsọ nǹkan kan lẹ́yìn tó gba ọ̀rọ̀ aṣínà, UDP ni wọ́n dí, bóyá nínú firewall server, bóyá lórí Wi-Fi tí ẹ wà. Ẹ fi dátà fóònù dán an wò kí ẹ mọ èwo ni. mosh fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ti kọjá lókè, nítorí náà tmux ṣì pọn dandan. Lórí Android, Termux: `pkg install openssh mosh`.

Ẹni tó bá ssh ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó fi `ServerAliveInterval 60` sínú `~/.ssh/config`.

Ará_Modákẹ́kẹ́
Lórí VPS kékeré, RAM ló máa ń kọ́kọ́ tán. AI fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro, ohun tó ń ṣí ni: test, TypeScript, build, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí sẹ́ṣọ̀n kan bá dédé kú láìsí ọ̀rọ̀, `sudo dmesg | grep -i "killed process"` á sọ fún yín bóyá Linux ló pa á torí ìrántí tó kún. Swap (àyè lórí disk tí Linux ń lò bíi RAM) á ràn yín lọ́wọ́:

```
sudo fallocate -l 4G /swapfile
sudo chmod 600 /swapfile
sudo mkswap /swapfile
sudo swapon /swapfile
```

Kí test má baà pàdé ara wọn, ẹ sọ fún gbogbo AI pé `flock /tmp/oja.lock npm test` ni kí wọ́n máa lò. Ẹni tó bá débẹ̀ kẹ́yìn á dúró de ẹni tó wà níwájú.

Bọ̀ọ̀dá_Postgres
Ẹ ò tíì fẹnu ba port àti database, àwọn gan-an ni worktree kò yà sọ́tọ̀.

Port lákọ̀ọ́kọ́. Vite, server tí ẹ fi ń dán app wẹ́ẹ̀bù wò, ń lo 5173. Bí ẹnìkan bá ti wà níbẹ̀, á sún sí 5174 láìjà. AI kejì kò mọ̀, á lọ wo `localhost:5173`, app ti ẹnìkejì ló máa rí níbẹ̀, á wá sọ fún yín pé àtúnṣe òun kò ṣiṣẹ́. Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòdù tó dára. Ẹ yan port fún worktree kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní kó kú bí kò bá rí i gbà:

```
npm run dev -- --port 5181 --strictPort
```

`ss -ltnp` ń fi ẹni tó jókòó sórí port kọ̀ọ̀kan hàn.

Database wá ni. Bí AI méjì bá ń ṣe migration (àyípadà sí ètò table) lórí database kan, èyí tó ṣe é kẹ́yìn á bá table tí kò mọ̀, òmíràn á sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹ má tẹ "yes". Ẹ da database kọ fún kálukú:

```
createdb -T oja_dev oja_owo
```

Ẹ wá yí `DATABASE_URL` padà nínú `.env` worktree yẹn. Bí Postgres bá ní àwọn mìíràn ń lo `oja_dev` lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ pa app tó so mọ́ ọn, torí kì í ṣe àdàkọ database tí ẹnìkan ṣì wà nínú ẹ̀. SQLite rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi `cp` da fáìlì kọ nígbà tí app kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin oní Docker Compose: orúkọ fódà ló ń fún container lórúkọ, nítorí náà worktree méjì kò ní jà lórí orúkọ, àfi bí ẹ bá ti kọ `container_name` sínú fáìlì náà. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Port tó yọ síta ṣì máa jà ní tirẹ̀.

Ọmọ_Mayfair
Ẹ kú làálàá, sà. Àwọn kan máa ń lo `--dangerously-skip-permissions` kí gbogbo rẹ̀ máa sáré láìbéèrè. Ṣé kò léwu?

Bọ̀ọ̀dá_Postgres
Orúkọ rẹ̀ ti dáhùn. Nínú container tí kò ní kọ́kọ́rọ́ SSH, tí kò ní `.env` gidi, tí kò lè dé database àwọn oníbàárà, ẹ lò ó. Lórí láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń wọ server iṣẹ́, rárá o. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ to àṣẹ tí ẹ gbà sílẹ̀:

```
claude --allowedTools "Edit" "Bash(npm test:*)" "Bash(git commit:*)"
```

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó bá lè ṣàtúnṣe fáìlì, tó tún lè ṣe `npm test`, lè kọ ohunkóhun sínú test kó sì sáré ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má gbà pé àtòjọ yìí jẹ́ odi.

Ìsọ̀kùn_Dev
Fún iṣẹ́ tí kò nílò ìjíròrò, ẹ má ṣí tẹ́mínà fún un rárá:

```
id=$(claude -p "Ka src/owo, ko isoro to wa nibe sile" --output-format json | jq -r .session_id)
claude -p --resume "$id" "Ewo lo lewu ju ninu won?"
```

Codex ní `codex exec` fún irú rẹ̀. Ó dára fún kíkà àti àyẹ̀wò. Iṣẹ́ tó ń yí fáìlì padà, ẹ jẹ́ kí ojú yín wà níbẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Gbogbo sẹ́ṣọ̀n tó wà lórí account kan ló ń jẹ nínú ààlà kan náà tí ẹ san owó fún. Mẹ́rin á jẹ ẹ́ tán kíákíá ju ẹyọ kan lọ. Bí `ANTHROPIC_API_KEY` bá wà nínú `.bashrc` yín, Claude Code lè máa yọ owó lórí kọ́kọ́rọ́ yẹn dípò owó oṣooṣù tí ẹ ti san, dọ́là sì ni. `echo $ANTHROPIC_API_KEY` kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá parí, `/clear` kí ẹ tó gbé òmíràn lé e, torí gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń bá ìbéèrè tuntun lọ.

Àǹtí_Server
Mi ò gbà pé mẹ́rin ló yẹ èèyàn kan. Méjì tó ń kọ kóòdù, ẹyọ kan tó ń kà lásán. Kíkà ohun tí wọ́n kọ ni iṣẹ́ gidi, ojú méjì náà lẹ sì ní.

Ará_Modákẹ́kẹ́
Ó sinmi lórí iṣẹ́ náà, Àǹtí. Bí wọn ò bá fọwọ́ kan fáìlì kan náà, mẹ́rin lè lọ. Bí gbogbo wọn bá ń fọwọ́ kan `routes.ts`, méjì ti pọ̀ jù.

Ẹ kọ́kọ́ merge èyí tó kéré jù. Lẹ́yìn náà, ẹ dá AI yòókù dúró, kí fáìlì má baà yí lábẹ́ rẹ̀, ẹ rí i dájú pé ó ti ṣe commit, kí ẹ wá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé orí `main` tuntun:

```
git -C ../oja-owo rebase main
```

Bí `package-lock.json` bá forí gbárí, ẹ má fọwọ́ tún un ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí AI fọwọ́ tún un ṣe. Ẹ wọ `oja-owo`, bí `package.json` náà bá forí gbárí, ẹ tún ìyẹn ṣe ná. Lẹ́yìn náà:

```
git checkout --ours package-lock.json
npm install
git add package.json package-lock.json
git rebase --continue
```

Nígbà rebase, "ours" ni ti `main`, kì í ṣe ti branch yín. Bí ó bá parí, ẹ sọ fún AI náà pé fáìlì ti yí, kó tún wọn kà.

Ọmọ_Mayfair
Mo ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sínú function kan fún `.bashrc`. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
ise() {
  git worktree add -b "$1" "../oja-$1" main || return 1
  cp .env "../oja-$1/"
  tmux new -d -s "$1" -c "$(realpath "../oja-$1")"
  tmux send-keys -t "$1" 'npm ci && claude' Enter
  tmux attach -t "$1"
}
```

Inú `oja` lèèyàn ti máa pè é: `ise iwole`.

Ìsọ̀kùn_Dev
Ó dára. Ìlà tó kẹ́yìn á kọ̀ bí o bá ti wà nínú tmux tẹ́lẹ̀, á máa kìlọ̀ nípa sẹ́ṣọ̀n inú sẹ́ṣọ̀n. Fi èyí rọ́pò rẹ̀:

```
  [ -n "$TMUX" ] && tmux switch-client -t "$1" || tmux attach -t "$1"
```

Má sì fi àmì ìdánudúró sínú orúkọ. tmux ń sọ `v2.1` di `v2_1`, `send-keys` tó ń wá `v2.1` kò sì ní rí i.